Fáwẹ́lì Àgbà

Ní Kutaisi, létí odò Rioni tó ń fi òkúta fọ eyín,
Nugzar tó ń tún aago ṣe ní ọmọ-ọmọ kan
tí orúkọ ara rẹ̀ há a lọ́fun.
Mzekala ni wọ́n sọ ọ́.
Wo kọ́ńsónáǹtì méjì tí wọ́n jọ dúró sẹ́nu ọ̀nà,
èkíní ò yà fún èkejì,
ọmọ ọdún mẹ́jọ wà lẹ́yìn wọn, ó ń kan ilẹ̀kùn:
M — m — m —
títí olùkọ́ yóò fi sàmì sínú ìwé, tí yóò pe ẹlòmíràn.

Èdè wọn ò mọ̀ pé ẹnu máa ń rẹ èèyàn.
Òṣùpá ń jẹ́ mtvare.
Omi lásán, omi tí à ń mu, tskali ni.
Tí wọ́n bá ní àwọ́n ń bó èso,
ó dà bí ìgbà tí ẹnìkan da àpò ìṣó sórí páànù.

Lálẹ́ ọjọ́ kan tí iná lọ
Nugzar yọ awò kékeré kúrò lójú,
ó mú ìwé tó fi ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà,
ó dojú rẹ̀ dé, ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn.
Ó ní, a ó dá èdè kan, èmi pẹ̀lú rẹ.
Kọ́ńsónáǹtì kankan ò gbọdọ̀ jáde
láìfa fáwẹ́lì lọ́wọ́.
Sílébù kankan ò sì gbọdọ̀ tilẹ̀kùn mọ́ra:
gbangba ni kí gbogbo wọn parí sí.

(Ẹ̀rín pa mí. Bàbá yìí ò dé ilẹ̀ wa rí,
ó kàn ṣèèṣì kọ́lé tó jọ tiwa,
àwa tí bírékì ọkọ̀ ò lè wọlé wa
kó má kọ́kọ́ gba fáwẹ́lì sí àárín.)

Ọmọ ló ń yan ọ̀rọ̀.
Omi di telu. Aago di kiki, nítorí pé ó gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀.
Bàbá-àgbà di sulo. Ilé di ema.
Ní ọjọ́ kẹta, wàhálà dé:
ó fẹ́ sọ pé ilé bàbá-àgbà,
o àti e bá forí gbárí.
Èwo ni kó kú?
Nugzar fọwọ́ ra àgbọ̀n, ó pẹ́ kó tó fèsì.
"Ti iwájú ni kó yẹ̀.
Èyí tó ti ń sọ̀rọ̀ bọ̀ ni kó dákẹ́ fún èyí tó ń bọ̀."
Sulema.
Ọmọ náà sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin. Kò há.

Kí n má purọ́, èdè yẹn ò wò ó sàn.
Nílé ìwé, M ṣì ń tilẹ̀kùn,
ìka ló fi ń ra búrẹ́dì.
Ṣùgbọ́n láàárín sítóòfù àti tábìlì aago
ẹnu rẹ̀ ń dà bí ẹ̀rọ omi tí wọ́n gbàgbé láti tì,
òfin inú ìwé sì di mẹ́wàá.

Ó pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, yìnyín bo òrùlé,
Nugzar fi orí lé tábìlì, kò gbé e mọ́.
Gbogbo aago yòókù ń lọ,
oníkálukú pẹ̀lú irọ́ tirẹ̀.

Nígbà tí wọ́n sin ín tán, Lamzira ará ilé kejì
rí i pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ó bi í, níbo?
Ó gbàgbé pé àlejò ni èdè náà lẹ́nu ìta.
Ó ní: sulo
ema.
Kò pa á pọ̀. Ó jẹ́ kí o náà dúró,
róbótó, bí ẹnu tó là,
e ń dúró dè é lẹ́yìn, kò tì í.

Lóru, ó fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sábẹ́ gbèsè ẹnìkan tí kò san:
Òfin kọkànlá.
Bí fáwẹ́lì àgbà bá ti lọ ní tòótọ́,
ẹ má pa á jẹ mọ́.